Ohùn Tó Ń Ṣọ́ Ojú Ọ̀run Àjàṣẹ́

Àjàṣẹ́ kò ní pápákọ̀ òfuurufú. Olú-ìlú Bẹ̀nẹ̀ ni lábẹ́ òfin, ilé aṣòfin wà níbẹ̀, ààfin àwọn ọba àtijọ́ sì wà níbẹ̀ tí àlejò ń wò, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ wọ bàlúù ní láti gba títì lọ sí Kútọnu, nǹkan bí kìlómítà 30 sí ìwọ̀-oòrùn. Ìyẹn kò ní kí bàlúù wọ́n lójú ọ̀run ìlú náà. Ẹni tó bá pẹ́ ní ọjà Ouando títí ilẹ̀ fi ṣú lè rí iná ọ̀kan tó ń bọ̀ láti ìlà-oòrùn, tó ń rọ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sí Kútọnu, kó sì tún rí òmíràn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra ní Ìkẹjà, ní Èkó, tó ń gun òkè lọ sí Accra tàbí Abidjan. Lójú ẹni tó wà nílẹ̀, àfi bíi pé wọ́n fẹ́ fara gbára.

Kò sí títì lókè, kò sí iná tó ń dá ọkọ̀ dúró, kò sì sí ọlọ́pàá tó ń na ọwọ́. Bí bàlúù ńlá méjì bá dojú kọ ara wọn, àlàfo tó wà láàárín wọn ń fi ìdajì kìlómítà dín kù ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ojú ènìyàn kò yá tó bẹ́ẹ̀. Nígbà ọyẹ́, tí eruku aṣálẹ̀ bo gbogbo etí òkun, ojú kì í tilẹ̀ ríran jìnnà rárá. Láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, ohun tó ń mú kí àwọn awakọ̀ òfuurufú yẹra fún ara wọn nítòsí pápákọ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹnu: kí kálukú sọ ibi tó wà, ibi tó ń lọ, àti bó ṣe ga tó.

Agbára ọ̀rọ̀ náà wà nínú pé gbangba ni wọ́n ti ń sọ ọ́. Gbogbo bàlúù tó wà lágbègbè kan ń gbọ́ ìkànnì rédíò kan náà. Bí adarí tó wà nínú ilé ìṣọ́ bá ní kí ọ̀kan rọ̀ sí ẹsẹ̀ bàtà 4,000, gbogbo àwọn yòókù gbọ́. Ẹni tó wà ní 5,000 ti mọ̀ pé ẹnìkan ń bọ̀ nísàlẹ̀ òun. Ẹni tó wà lẹ́yìn ti mọ ẹni tó wà níwájú. Kò sẹ́ni tó bá a sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó ti mọ bí ojú ọ̀run ṣe rí. Fífi etí kọ́ ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀, tí àwọn àgbà máa ń torí rẹ̀ na ọmọdé nínú ilé, òun gan-an ni iṣẹ́ níbẹ̀.

Ìṣòro Àjàṣẹ́ ni pé ìlú náà wà níbi tí èdè méjì ti pàdé lójú ọ̀run. Bí ìyẹn ṣe ṣẹlẹ̀, ìtàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ jìnnà sí etí ọ̀sà, ní pápá oko ilẹ̀ Faransé.

Ní ọjọ́ 7 oṣù Igbe ọdún 1922, bàlúù Gẹ̀ẹ́sì kan tó gbé lẹ́tà láti Croydon, lẹ́bàá London, ń lọ sí Paris. Bàlúù Faransé kan tó gbé èrò mẹ́ta ń bọ̀ láti Paris. Kùrukùru bo ilẹ̀, àwọn awakọ̀ méjèèjì sì fò sílẹ̀sílẹ̀ kí wọ́n lè máa wo títì ọkọ̀ tó wà nísàlẹ̀, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń mọ ọ̀nà nígbà náà. Títì kan náà ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Wọ́n forí gbárí ní ìtòsí abúlé Thieuloy-Saint-Antoine, àwọn méje tó wà nínú ọkọ̀ méjèèjì sì kú. Òun ni ìgbà àkọ́kọ́ tí bàlúù akérò méjì máa kọlu ara wọn lófuurufú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n fẹnu kò pé kí oníkálukú máa gba ọwọ́ ọ̀tún títì tàbí odò tó bá ń tẹ̀ lé, wọ́n sì tún ka rédíò sí dandan ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Croydon náà ni wọ́n ti kọ́kọ́ kọ́ ilé ìṣọ́ tó ń darí bàlúù, ní ọdún 1920. Òṣìṣẹ́ rédíò kan níbẹ̀, Frederick Mockford, ni wọ́n ní kó wá ọ̀rọ̀ kan tí awakọ̀ tó wà nínú ewu lè fi kígbe, tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé yóò gbọ́ yé, nítorí Paris ni ọ̀pọ̀ bàlúù ibẹ̀ ń lọ. Ó mú «Mayday», tó jọ bí Faransé ṣe ń pe «ẹ gbà mí». Ní 1927 ọ̀rọ̀ náà di ti gbogbo àgbáyé. Kí ẹ ṣàkíyèsí pé láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni aáwọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ti wà lórí rédíò, àti pé àdéhùn lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n fi kọ́kọ́ pẹ̀tù sí i.

Àwọn ìjọba méjèèjì kan náà ló gbé bàlúù dé etí òkun wa. Ní 1936, ilé-iṣẹ́ Imperial Airways ti Gẹ̀ẹ́sì na ọ̀nà rẹ̀ láti Khartoum gba Kano dé Èkó. Ọdún tó tẹ̀ lé e, Aéromaritime ti Faransé bẹ̀rẹ̀ sí fi bàlúù Sikorsky, tó lè balẹ̀ sórí omi àti sórí ilẹ̀, ná ọ̀nà etí òkun láti Dakar lọ dé Pointe-Noire, Kútọnu sì wà lára ibi ìdúró rẹ̀. Bàlúù kò pọ̀ nígbà yẹn, ọ̀run fẹ̀, ìkọlù kì í ṣe ohun tó ń da ẹnikẹ́ni láàmú. Òṣìṣẹ́ rédíò ló máa ń jókòó sẹ́yìn awakọ̀, tó ń fi ìka tẹ ohùn Morse ránṣẹ́ sí ilẹ̀. Ohun tí wọ́n ń bèèrè jù ni ojú ọjọ́.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni nǹkan yí padà. Àdéhùn Chicago, tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọjọ́ 7 oṣù Ọ̀pẹ ọdún 1944, ló bí àjọ ICAO tó ń ṣe òfin fún ìrìn òfuurufú. ICAO pín gbogbo ojú ọ̀run ayé sí agbègbè, orílẹ̀-èdè kan ló sì ń gbọ́ ti agbègbè kọ̀ọ̀kan. Ní ti wa, Nàìjíríà di agbègbè Kano, tí Èkó ń bójú tó apá gúúsù rẹ̀. Gánà gba agbègbè Accra, èyí tó kó ojú ọ̀run Tógò àti Dahomey (orúkọ Bẹ̀nẹ̀ nígbà náà) mọ́ra pẹ̀lú ọ̀pọ̀ omi òkun. Ní ọjọ́ 12 oṣù Ọ̀pẹ ọdún 1959, ní Saint-Louis ní Sẹ̀nẹ̀gà, àwọn ilẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso tẹ́lẹ̀ dá àjọ ASECNA sílẹ̀ pẹ̀lú Faransé fúnra rẹ̀, kí wọ́n jọ máa ṣọ́ ojú ọ̀run wọn. Dahomey wà níbẹ̀. Dakar ni olú ilé-iṣẹ́ náà títí di òní.

Ẹ wo ohun tó ti ibẹ̀ jáde. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn òmìnira, ojú ọ̀run Àjàṣẹ́ ní ọ̀gá mẹ́ta. Bàlúù tó bá wà nísàlẹ̀, tó ń balẹ̀ sí Kútọnu tàbí tó ń gbéra níbẹ̀, adarí ASECNA ló ń bá sọ̀rọ̀, ní Faransé tàbí ní Gẹ̀ẹ́sì. Èyí tó bá ń kọjá lókè réré lórí ìlú kan náà, Accra ló ń pè, ní Gẹ̀ẹ́sì. Bó bá sì sáré díẹ̀ lọ sí ìlà-oòrùn tó kọjá ẹnubodè, Èkó ló kàn, Gẹ̀ẹ́sì náà ni. Ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti kọ́ṣẹ́ pàápàá yàtọ̀: àwọn ti Bẹ̀nẹ̀ ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ASECNA ní Niamey, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1963, àwọn ti Nàìjíríà ń lọ sí Zaria, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1964. Ọmọ Yorùbá Sàkẹ́tẹ́ kan lè jókòó sí ilé ìṣọ́ Kútọnu, kí ọmọ Yorùbá Ìjẹ̀bú jókòó sí ti Èkó, kí wọ́n sì máa fi èdè òyìnbó jọ ṣètò bàlúù tó ń gba orí ìlú àwọn bàbá wọn kọjá. Ẹni tó bá fẹ́ lè fi ìyẹn rẹ́rìn-ín.

Bàlúù tó bá gbéra ní Èkó tó ń lọ sí Kútọnu kì í lò tó ìdajì wákàtí lófuurufú, ṣùgbọ́n ẹnu awakọ̀ rẹ̀ kì í sinmi. Á bá ẹni tó ń darí ọkọ̀ lórí ilẹ̀ ní Ìkẹjà sọ̀rọ̀, á bá ilé ìṣọ́ tó ń fún un láṣẹ láti gbéra sọ̀rọ̀, á bá adarí tó ń sìn ín jáde kúrò ní agbègbè Èkó sọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà ẹni tó ń gbà á wọlé ní ìhà Kútọnu, lẹ́yìn náà ilé ìṣọ́ Cadjehoun, pápákọ̀ Kútọnu. Ní gbogbo ìgbà, bákan náà ni ọ̀rọ̀ ṣe ń tò tẹ̀ lé ara wọn: orúkọ ẹni tó ń pè, orúkọ ara rẹ̀, ibi tó wà, ìpele tó wà, ohun tó fẹ́ ṣe. Kò sí «ẹ káàsán», kò sí «ilé ńkọ́». Bí àwọn kan bá kí ara wọn, ọ̀rọ̀ kan péré ni.

Bí adarí bá ti pàṣẹ, awakọ̀ gbọ́dọ̀ pe àṣẹ náà padà ní kíkún. Bí wọ́n bá ní kó rọ̀ sí 4,000, kò gbọdọ̀ wí pé «mo gbọ́» kó sì dákẹ́. Ó ní láti wí pé òun ń rọ̀ sí 4,000, kó sì fi orúkọ ọkọ̀ rẹ̀ kún un, kí adarí lè mọ̀ bóyá 4,000 ló gbọ́ tàbí 14,000. Nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń pè lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Mẹ́sàn-án di «niner» kó má baà jọ márùn-ún létí, márùn-ún fúnra rẹ̀ sì di «fife». Lẹ́tà ní orúkọ tirẹ̀: bàlúù Bẹ̀nẹ̀ ní TY lára, «Tango Yankee» ni wọ́n ń pè é, ti Nàìjíríà ní 5N, ìyẹn «fife November». Orúkọ lẹ́tà wọ̀nyí kò ṣàdédé wá. Jean-Paul Vinay, onímọ̀ èdè ní Yunifásítì Montréal, bá ICAO ṣiṣẹ́ lórí wọn lẹ́yìn ogun, kí ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá yàn lè jáde dáadáa lẹ́nu ẹni tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, Faransé àti Sípáníìṣì. Oṣù Ẹrẹ́nà 1956 ni wọ́n tó fìdí èyí tí a ń lò lónìí múlẹ̀.

Òfin mìíràn wá láti inú àjálù. Ní ọjọ́ 27 oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 1977, ní erékùṣù Tenerife, bàlúù KLM kan bẹ̀rẹ̀ sí sáré láti gbéra nígbà tí ti Pan Am ṣì wà lórí pápá kan náà nínú kùrukùru. Awakọ̀ kejì KLM ti sọ ọ̀rọ̀ kan tí adarí gbọ́ pé wọ́n ṣì dúró síbi ìgbéra. Adarí fèsì pé «OK», lẹ́yìn náà ohùn méjì wọ ara wọn lórí ìkànnì, kò sì sẹ́ni tó gbọ́ ìyókù kedere. Ènìyàn 583 ló kú. Láti ìgbà náà, adarí kì í pe «take-off» àfi nígbà tó bá ń fún ọkọ̀ láṣẹ láti gbéra tàbí tó bá ń gba àṣẹ náà padà. Ní àwọn ìgbà yòókù, ọ̀rọ̀ mìíràn ni wọ́n ń lò.

Gbogbo èyí dúró lórí pé adarí wà, rédíò rẹ̀ sì ń gbéṣẹ́. Ní Áfíríkà, ìyẹn kì í ṣe ohun tí awakọ̀ lè fi ọkàn tán ní gbogbo ìgbà. Ìgbì rédíò tí wọ́n ń lò kì í yí ara ilẹ̀ ká. Bí bàlúù bá ti jìnnà jù sí òpó rédíò, ohùn á dákẹ́. Àwọn awakọ̀ wá dá àṣà kan sílẹ̀ fúnra wọn, èyí tí IATA, àjọ àwọn ilé-iṣẹ́ bàlúù, sọ di ìlànà. Ìkànnì kan wà, 126.9, tí gbogbo wọn ń ṣí sílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ agbègbè ilẹ̀ Áfíríkà. Láìdúró de ẹni tó máa dáhùn, awakọ̀ á pe gbogbo ọkọ̀ tó bá lè gbọ́, á dárúkọ agbègbè tó wà, orúkọ rẹ̀, ìpele rẹ̀, ìhà tó dojú kọ, ìlú tó ti ń bọ̀ àti èyí tó ń lọ, ibi tó kọjá àti aago tó kọjá ibẹ̀, ibi tó kàn àti aago tó ń retí láti débẹ̀. Lẹ́yìn náà á dákẹ́, á fetí sílẹ̀. Awakọ̀ ọkọ̀ ẹrù tó dé kọ́nà tí koríko bò á kọ́kọ́ fọn fèrè, kó tó yà. Bẹ́ẹ̀ náà ni. Ní pápá kékeré tí kò ní ilé ìṣọ́, irú rẹ̀ ni wọ́n ń ṣe: kálukú ń kéde pé òun ń bọ̀, òun ń yí, òun fẹ́ balẹ̀.

Ohun tó mú wọn rọ̀ mọ́ àṣà yìí hàn ní ọjọ́ 13 oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ ọdún 1997, nígbà tí bàlúù ológun Jámánì kan àti ti Amẹ́ríkà kan kọlu ara wọn lórí òkun níwájú Namibia. Ènìyàn 33 ṣègbé. Ìpele tí kò yẹ kí ọkọ̀ Jámánì wà ló wà, adarí ní Windhoek kò sì mọ̀ pé ọkọ̀ náà ń bọ̀ rárá.

Èyí tó sún mọ́ wa jù ṣẹlẹ̀ ṣáájú ìyẹn. Omi ọ̀sà tó wà lẹ́sẹ̀ Àjàṣẹ́ ń bá a lọ gba Badagry dé Èkó, ó sì tún lọ sí ìhà Ẹ̀pẹ́, níbi tí Ejìnrìn wà. Ọjà Ejìnrìn lókìkí láyé àtijọ́. Ọkọ̀ ojú omi láti Èkó ń ná an, ẹrù Ìjẹ̀bú sì ń gba ibẹ̀ jáde. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 7 oṣù Bélú ọdún 1996, bàlúù ilé-iṣẹ́ ADC, Boeing 727 tó gbéra ní Port Harcourt, ń bọ̀ ní Èkó. Bàlúù Triax, Boeing 727 náà, ti kúrò ní Èkó, ó dojú kọ Ẹnúgu. Adarí kan náà ló ń bá àwọn méjèèjì sọ̀rọ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo wọn sì ń sọ.

Ìwádìí tí wọ́n ṣe fi hàn pé adarí kò ya ọkọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀ bó ṣe yẹ: ó darí ADC sí ojú ọ̀nà èyí tó ń bọ̀. Nígbà tí awakọ̀ ADC rí ohun tó wà níwájú, ó yí ọkọ̀ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tagbáratagbára ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 16,000, lórí eré. Kò kọlu ọkọ̀ kejì. Ṣùgbọ́n yíyí náà pọ̀ ju ohun tí ọkọ̀ lè gbà lọ, kò sì rí i dá padà mọ́. Ó já sí ìtòsí Ejìnrìn. Ènìyàn 144 ló wà nínú rẹ̀, kò sẹ́ni tó yè. Ọ̀jọ̀gbọ́n Claude Ake, onímọ̀ ètò ìṣèlú tí òkìkí rẹ̀ kàn ní gbogbo Áfíríkà, wà lára wọn.

Ikú Ejìnrìn tako àwọn tó gbà pé bí gbogbo ènìyàn bá ti ń sọ èdè kan, ohun gbogbo ti parí. Èdè kan náà ni, ìkànnì kan náà ni, àṣẹ tó ti ẹnu adarí jáde ló ṣìnà. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 12 oṣù Bélú, bàlúù Saudi kan àti ti Kazakhstan kan kọlu ara wọn lórí Charkhi Dadri, nítòsí Delhi ní Índíà. Ènìyàn 349 ló kú. Kò sí ìkọlù lófuurufú tó pa ènìyàn tó bẹ́ẹ̀ rí. Níbẹ̀, ní tirẹ̀, adarí kò ṣìnà. Ó ní kí ọkọ̀ Kazakhstan dúró ní 15,000, ó sì sọ fún un pé ọkọ̀ mìíràn wà ní 14,000. Òṣìṣẹ́ rédíò inú ọkọ̀ náà ló ń bá ilẹ̀ sọ̀rọ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn awakọ̀. Ọkọ̀ náà sì rọ̀ kọjá ibi tí wọ́n ní kó dúró.

Lẹ́yìn Charkhi Dadri ni ayé fi ọwọ́ líle mú ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní TCAS, tó ń mú kí bàlúù méjì bá ara wọn sọ̀rọ̀ láìsí ẹnu ènìyàn: ó ń sọ fún ọ̀kan pé kó gòkè, ó sì ń sọ fún èkejì pé kó rọ̀. Ẹ̀rọ ńlá ni, ó sì ti gba ọ̀pọ̀ ẹ̀mí là. Ṣùgbọ́n ó ní kí ohùn mìíràn tó bá ta kò ó dákẹ́. Ní alẹ́ ọjọ́ 1 oṣù Agẹmọ ọdún 2002, lórí Überlingen ní Jámánì, ẹ̀rọ ní kí awakọ̀ kan gòkè, adarí ní kó rọ̀, ó gbọ́ ti adarí, ọkọ̀ méjèèjì kọlu ara wọn, ènìyàn 71 sì kú.

Ọ̀rọ̀ èdè méjì wá ńkọ́? Òfin ICAO fi àyè gba kí adarí máa sọ èdè ilẹ̀ rẹ̀ tàbí Gẹ̀ẹ́sì, bó bá ṣáà ti lè sọ Gẹ̀ẹ́sì fún àlejò tó bá bèèrè. Ní oṣù Òkudù ọdún 1976, àwọn awakọ̀ Kánádà daṣẹ́ sílẹ̀ nítorí wọn kò fẹ́ kí wọ́n máa sọ Faransé lórí rédíò ní Quebec. Ìgbìmọ̀ tí ìjọba gbé kalẹ̀ yẹ ọ̀ràn náà wò fún ọdún mẹ́ta, ó sì sọ pé kò sí ewu nínú lílo èdè méjèèjì. Ẹni tó bá fẹ́ dá Faransé Kútọnu láre ní ẹ̀rí níbẹ̀.

Àmọ́ ẹ̀rí mìíràn wà, kò sì ṣeé fojú fò. Nígbà tí bàlúù méjì kọlu ara wọn lórí Zagreb ní oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ ọdún 1976, tí ènìyàn 176 kú, adarí ti yí sí èdè ilẹ̀ rẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá tó gbẹ̀yìn. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó wà nínú ọkọ̀ kejì kò lè lóye ohun tó sọ. Ní ọjọ́ 25 oṣù Èbìbí ọdún 2000, ní pápákọ̀ Charles-de-Gaulle ní Paris, adarí fi Faransé fún bàlúù Air Liberté tó ń lọ sí Madrid láṣẹ láti gbéra. Lẹ́yìn náà ó fi Gẹ̀ẹ́sì sọ fún bàlúù ẹrù kékeré ti Gẹ̀ẹ́sì kan pé kó bọ́ sórí pápá, pé òun ni ẹnì kejì. Adarí rò pé ìbẹ̀rẹ̀ pápá ni àwọn méjèèjì wà. Àárín pápá ni bàlúù kékeré náà ti ń wọlé. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò mọ ẹni tí í ṣe ẹnì kìíní, nítorí èdè tí wọn kò gbọ́ ni wọ́n fi bá a sọ̀rọ̀. Apá bàlúù ńlá náà gbá iwájú tiwọn, awakọ̀ kejì kú. Bó bá jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi sọ méjèèjì, ó ṣeé ṣe kí wọ́n bèèrè ọ̀rọ̀ kí wọ́n tó sún síwájú.

Bí a bá sọ̀rọ̀ bàlúù ní Kútọnu, ọjọ́ Kérésìmesì 2003 ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa rántí, nígbà tí Boeing 727 tó ń lọ sí Beirut kò lè gòkè nítorí ẹrù tó pọ̀ jù, tó kọlu ilé ẹ̀rọ tó wà ní òpin pápá, tó sì já sí etí òkun. Àjálù ńlá ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti ìkọlù.

Ti ìkọlù tó kan Kútọnu kò ní ariwo púpọ̀. Ní ọjọ́ 5 oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ ọdún 2015, bàlúù ilé-iṣẹ́ Ceiba, Boeing 737, gbéra ní Dakar. Ó yẹ kó dúró ní Kútọnu kó tó lọ sí Malabo. Bàlúù kékeré tó gbé aláìsàn ń bọ̀ láti Ouagadougou sí Dakar. Ìpele 350 (ẹsẹ̀ bàtà 35,000) ni wọ́n fún ti Ceiba, 340 ni wọ́n fún èyí tó gbé aláìsàn: àlàfo ẹsẹ̀ bàtà 1,000 péré, gẹ́gẹ́ bí òfin tó bẹ̀rẹ̀ ní Áfíríkà ní oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ 2008, nítorí 2,000 ni tẹ́lẹ̀. Wọ́n fara gbára lórí ìlà-oòrùn Sẹ̀nẹ̀gà. Bàlúù kékeré náà ń fò lọ láìdáhùn, ó kọjá Dakar, ó sì wọ inú òkun pẹ̀lú ènìyàn méje. Ti Ceiba pàdánù ṣóńṣó apá rẹ̀ kan, kò dúró ní Kútọnu mọ́, ó lọ tààrà sí Malabo. Àwọn olùwádìí rí i pé bàlúù kékeré kò sí ní ìpele tó ń sọ lẹ́nu pé òun wà. Òótọ́ ni awakọ̀ rò pé òun ń sọ. Ẹ̀rọ tó ń wọn gíga ló ń parọ́ fún un.

Ẹ̀rọ ti pọ̀ sí i láti ìgbà náà. Nàìjíríà ṣí ètò rédà TRACON ní 2010, ó sì ń rí ojú ọ̀run rẹ̀ ju ti ìgbà Ejìnrìn lọ. Láti oṣù Ẹrẹ́nà 2008 ni ICAO ti bẹ̀rẹ̀ sí béèrè ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ awakọ̀ àti adarí tó bá ń ṣiṣẹ́ láàárín orílẹ̀-èdè. Kò sí èyí tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ohùn. Rédà kì í sọ̀rọ̀. Ẹni tó ń wò ó ló ní láti la ẹnu.

Èrò ẹni tó kọ èyí kò fì sí ìhà kankan nínú ìjà Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé. Bó bá jẹ́ bàlúù Bẹ̀nẹ̀ méjì nìkan ló wà lórí ìkànnì, kí adarí bá wọn sọ Faransé tó wù ú. Ṣùgbọ́n Èkó wà nítòsí, bàlúù Èkó àti Accra sì ń gba ibẹ̀ kọjá lójoojúmọ́, ọ̀pọ̀ awakọ̀ wọn kò sì gbọ́ Faransé. Gbàrà tí ohùn kan ṣoṣo irú wọn bá ti wọ ìkànnì Kútọnu, ó yẹ kí gbogbo ọ̀rọ̀ yí sí Gẹ̀ẹ́sì, fún ọmọ ilé àti fún àlejò, títí tí àlejò náà yóò fi kọjá. Kí ASECNA àti àwọn aláṣẹ Bẹ̀nẹ̀ ṣe é ní dandan, kí wọ́n má fi í sílẹ̀ fún bí inú adarí ṣe rí lọ́jọ́ náà.